Sàlámà Mẹ́ta Lẹ́nu Géètì Mi

Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó náà sórí ìwé fún ọkùnrin tó bá mi fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára géètì. N kò rí ẹni di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Bí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn tó mọ̀ mí, wọ́n máa ń retí ibi tí màá ti fi ọgbọ́n yọ ara mi, mo sì máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má wulẹ̀ retí rẹ̀.

Ilé tí ọkọ mi kọ́ sí Èjìgbò kó tó jáde láyé wà láàárín òpópónà méjì. Àwọn télọ̀ wà níwájú, àwọn mẹkáníìkì wà lẹ́yìn, àgbàlá mi sì ni àbùjá láàárín wọn. Télọ̀ tó bá fẹ́ tún máṣíìnì ṣe á gba ibẹ̀ kọjá, mẹkáníìkì tó bá fẹ́ wọn ṣòkòtò á gba ibẹ̀ padà. A mọ odi, wọ́n ń gba àlàfo odi. A fi géètì síwájú àti sẹ́yìn, wọ́n ń ṣí méjèèjì. Kì í ṣe pé wọn ò ní ẹ̀kọ́. Wọ́n máa ń ké àgò dáadáa, àmọ́ kí wọ́n tó ké e, wọ́n á ti dé ìdí kànga, bí mo bá sì máa fi dáhùn pé àgò yà, ẹ̀yìn wọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Mo ti wà nínú balùwẹ̀ rí tí ẹnìkan tí n kò mọ̀ ń kí mi láti òde, tó ń béèrè àlàáfíà ọmọ mi. Ọlọ́kadà kan gbé èrò gba àárín àgbàlá kọjá lọ́jọ́ kan tí mo ń jẹun lórí àpótí. Ọlọ́kadà kí mi, èrò ẹ̀yìn rẹ̀ náà kí mi kú oúnjẹ, mo sì ti ní kí wọ́n wá bá mi jẹ ẹ́ kí n tó rántí pé inú ń bí mi.

Ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun a máa jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ wa, kò ní kúrò níbẹ̀, gbogbo ìròyìn Èjìgbò á sì máa gba iwájú rẹ̀ kọjá. Èmi kò rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ òyìnbó ni mí, mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ pariwo mọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama, ohun tí mo sì fi ìfẹ̀yìntì wá ni ìdákẹ́jẹ́ àti ata tí mo gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Inú mi máa ń tètè bí. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ mọ̀ ọ́n, ọmọ bíbí inú mi mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Ọjọ́ tí ẹnìkan ṣí géètì sílẹ̀ tí ewúrẹ́ wọlé wá fi gbogbo ata mi jẹ oúnjẹ àárọ̀ ni mo ránṣẹ́ pe ẹni tó ń kọ ọ̀dà.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní kó kọ ni “trespass”. Kò sí ọ̀rọ̀ òyìnbó tí mo fẹ́ràn láti kọ́ ọmọ tó o. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ara, níbi tí bàbá mi ti ń ránṣọ, ni mo ti kọ́kọ́ rí i, lára pátákó kan lábẹ́ igi máńgòrò ọ̀gá ilé ìwé. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọbẹ̀. Lójú tiwa, ohun tí pátákó náà ń sọ ni pé máńgòrò ti pọ́n.

Ilé ìwé ìjọ ni, nítorí náà gbogbo wa, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kìrìsìtẹ́nì, la jọ ń ka àdúrà wọn lórí ìlà láàárọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn kan náà sì tún wà níbẹ̀. Bàbá mi bi mí lọ́jọ́ kan pé kí là ń tọrọ nínú àdúrà náà. Mo ní à ń bẹ Ọlọ́run kó foríjì wá nítorí pé a wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Bàbá mi fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ilẹ̀ ta ni èmi ti rìn dé nígbà tí n kò tíì dá rìn kọjá ọjà Ara. Ó wá ní kí n ṣáà máa bẹ̀bẹ̀ náà lọ, nítorí ọjọ́ iwájú.

Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo tún bá a pàdé nínú lẹ́tà. Ẹni tó bá fẹ́ dá ọ̀gá dúró á kọ́kọ́ kọ ọ́ pé òun ò fẹ́ ṣe “trespass” sórí àkókò wọn, lẹ́yìn náà á wá fi ojú ìwé mẹ́rin gba àkókò náà tán. Ọ̀rọ̀ kan ló ń ṣiṣẹ́ mẹ́ta, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Èjìgbò tó ń kọ́ni láàárọ̀, tó ń lọ sóko lọ́sàn-án, tó tún ń ta símẹ́ǹtì. Mo máa ń fi odidi wákàtí kan ṣàlàyé rẹ̀ fún kíláàsì: ká wọ ilẹ̀ onílẹ̀, ká dẹ́ṣẹ̀ sí Ọlọ́run tàbí ọmọnìkejì, ká máa jẹ inú rere ẹlòmíì kọjá ibi tí wọ́n fún wa mọ.

Mo ṣàlàyé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọ̀gá ọlọ́dà. Àgbà ọkùnrin ni, òun ló ń kọ nǹkan sára bọ́ọ̀sì ní gáréèjì. Ó gbọ́ mi títí, ó wá béèrè bóyá kò ní sàn kí òun kọ ọ́ ní Yorùbá pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ti géètì. Mo ní ìyẹn ò lágbára tó. Ó kọ òyìnbó mi gàdàgbà gàdàgbà, ó sì fi kún un láti inú ìrírí tirẹ̀ pé ẹni tó bá wọlé á dé kóòtù.

Kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá àgbà tó ń gbé ilé kejì wá bá mi kẹ́dùn. Ó ní ó dun òun pé àwọn ẹbí ọkọ mi ń bá mi du ilé, pé ilé tí wọ́n bá ń jà lé lórí ni òun ti ń rí òyìnbó pupa lára rẹ̀, kí oníjìbìtì má baà tà á. Mo ṣàlàyé, kò gbà. Ó gbé iṣu méjì kalẹ̀ fún mi, ó ní kí n mọ́kàn le, ó sì gba géètì ẹ̀yìn lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ọmọ mi báyìí, torí òun lọ̀rọ̀ kàn. Òun nìkan ni Ọlọ́run fún èmi àti ọkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó sì fi sùúrù bàbá rẹ̀ jọ bàbá rẹ̀. Ní ọdún bíi mẹ́rin ṣáájú, ọkùnrin kan tí wọ́n jọ fẹ́ràn ara wọn wá sílé láìsọ tẹ́lẹ̀. Mo yọjú láti fèrèsé, mo bi í pé ta ló ní kó wọlé. Ìbéèrè lásán ni lójú tèmi, àmọ́ mo mọ ohùn tí mo fi bi í. Ọkùnrin náà lọ, kò padà wá mọ́. Ọmọ mi kò bá mi jà. Ó kàn dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì dùn mí ju ìjà lọ.

Nígbà tí òmíràn wá dé, mo di ẹnu mi mú. Ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì ẹ̀yìn ilé wa ni, ọmọlúàbí ọkùnrin. Àgbàlá mi ló máa ń gbà kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn télọ̀ tó fi rí ọmọ mi, mo sì wá mọ̀ nígbà tó yá pé ṣòkòtò tó ń wọ̀n kò pọ̀ tó bí ó ṣe ń kọjá. Bàbá rẹ̀ ti fi nǹkan bí ogójì ọdún ṣòwò ní Abidjan kó tó padà wálé. Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ìlú ìyá rẹ̀, ló fìdí kalẹ̀ sí, tó ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́. Wọ́n ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ kì í fi ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ṣeré. A dá ọjọ́ tí àwọn àgbà wọn máa wá tọrọ ọmọ, ní ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó kù sí Ara, ló máa dúró ní ipò bàbá ìyàwó.

Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo se ìrẹsì, mo din adìyẹ, mo tiẹ̀ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń se àtíẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí àwọn ará Abidjan ò lè ṣe kí wọ́n má jẹ, kí àna mi lè mọ̀ pé a retí wọn. Mo tẹ́ ẹní, mo to àga. Ọmọ mi ti lọ jókòó sílé kejì, lọ́dọ̀ ìyá àgbà, nítorí ìyàwó kì í wà nílẹ̀ títí wọ́n á fi ní kó yọjú. Mo fi irin há géètì méjèèjì, nítorí ewúrẹ́ ti gbọ́ òórùn oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí láago pé táyà ọ̀kadà tí òun gùn ti jò lójú ọ̀nà Ara.

Wọ́n ti pe ìrun, n kò gbúròó ẹnikẹ́ni. Mo ní kí n yára kírun tèmi kí àlejò tó dé. Mo wọ ìbòrí funfun mi, mo kọjú sí gábàsì ní pálọ̀, mo kábàrá. N kò tíì tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí mo gbọ́ bọ́ọ̀sì tó dúró níta, tí ohùn àgbà ọkùnrin kan sì dún lẹ́nu géètì: “Àsàlámù àlékùn.”

Ẹni tó bá ń kírun kì í dáhùn sàlámà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Mo ní nínú ara mi pé wọ́n á dúró díẹ̀. Ara mi ti ń gbóná, mo sì wúkọ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé èèyàn wà nílé. Mo tẹ̀, mo dìde, ó kí sàlámà kejì. Mo tún wúkọ́, mo wú u dáadáa. Ibi tí mo forí kanlẹ̀ ní rákà kejì ni ẹ̀kẹta ti bá mi, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run lórí ẹní yẹn pé kó bá mi dá wọn dúró. Mo kí rákà méjì tó kù bí ọlọ́kadà tí òjò ń lé. Kí n tó sàlámà parí ìrun, mo ti gbọ́ tí bọ́ọ̀sì yí padà.

Mo sáré dé géètì, eruku ni mo bá. Ìyá àgbà dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, òun ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó ní wọ́n tó èèyàn márùn-ún, wọ́n wọ aṣọ tó dára, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀. Bàbá kan tó ga, tó wọ funfun, dúró wo ara géètì pẹ́, nítorí Faransé ló mọ̀, kò mọ òyìnbó tiwa. Ọ̀kan nínú wọn kà á fún un pé ẹni tó bá wọlé á dé kóòtù. Bàbá náà kí sàlámà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní òun gbọ́ tí ẹnìkan ń wúkọ́ nínú ilé tí kò sì fẹ́ dá òun lóhùn. Ó wá yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa lọ, kí òun ìyá àgbà sì tó rìn dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti wọ ọkọ̀.

Ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá lọ sílé kéwú. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà èèyàn, kí sàlámà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí wọn ò bá dá ọ lóhùn, padà, má sì bínú. Èmi náà ti fi kọ́ ọmọ mi. Àmọ́ ní tiwa ńbí, ẹni tó wá tọrọ ọmọ tí wọ́n jẹ́ kó dúró sẹ́nu ọ̀nà kì í tún dédé padà wá. Á gbà pé wọ́n ti fèsì.

Ọmọ mi jáde láti ilé kejì, irun rẹ̀ dára, kò tíì wé gèlè. Ó wo òpópónà, ó wo géètì, ó wá wo ojú mi.

“Màmi,” ó ní, “ṣé ẹ lé wọn ni?”

Kò pariwo. Ì bá pariwo. Mo ní ìrun ni mo wà, mo ní n kò lè dáhùn, mo ní mo wúkọ́. Ó mi orí, ó ní òun gbọ́, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà ju bó ṣe ti ń bà mí láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Mo tẹ ọkùnrin mẹkáníìkì náà láago. Ó ní òun ò bá wọn wá, bí àṣà ṣe sọ, àmọ́ bàbá òun ti pe òun, ó ní wọ́n ti dá àwọn lóhùn nílé ìyàwó, kí òun fi sùúrù gbà á, látìgbà náà ni fóònù bàbá kò sì ti lọ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi dé bí mo ṣe ń wá bàtà mi. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó fi ọwọ́ lérí. Ó ní ṣebí obìnrin tó ń kírun lè fi àtẹ́wọ́ dá ẹni lóhùn, pé kí ló dé tí n kò pàtẹ́wọ́? Mo ní mo gbàgbé. Mo ní kó jẹ́ ká máa lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ó ní kò ṣeé gbọ́ sétí, pé ìyá ìyàwó kì í lọ sílé ọkọ lọ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n wá tọrọ ọmọ rẹ̀, pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọmọ á fi bímọ. Mo ní kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kó ṣáà bímọ. Mo ké sí ọmọ mi láti ẹnu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ pé mò ń lọ bá wọn, mo gun ọ̀kadà tó gbé ẹ̀gbọ́n mi wá, pẹ̀lú ìbòrí ìrun lọ́rùn. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ti gun òmíràn, ó di fìlà mú lórí, ó ń bọ̀.

Ilé àna mi ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn kò lódi, kò ní géètì. Mo kí sàlámà àkọ́kọ́ kí ọ̀kadà tó dúró tán. Mo kí ẹ̀kejì lórí fàráńdà. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dúró níbẹ̀ kí wọ́n dáhùn, olùkọ́ ni mí. Ẹsẹ̀ mi kò dúró. Àárín àgbàlá wọn ni mo ti kí ẹ̀kẹta, níbi tí bàbá ọkọ ìyàwó ti bọ́ aṣọ ńlá, tó ku síńgílẹ́ẹ̀tì, tó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú abọ́ omi. Àwọn ìyókù jókòó yí i ká, wọ́n ń jẹ iṣu sísun pẹ̀lú epo pupa. Gbogbo wọn ló ti fi ebi pa ara wọn láti àárọ̀ nítorí oúnjẹ mi.

Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ àgbàlá náà. Bàbá ń wá ẹ̀wù rẹ̀, kò rí i, ó fi abẹ̀bẹ̀ bo àyà. Ìyàwó rẹ̀ fi Faransé sọ nǹkan, ó dìde, ó fẹ́ fà mí sókè. “Yàkó, yàkó,” ló ń wí, bí wọ́n ṣe máa ń kí èèyàn pẹ̀lẹ́ ní Abidjan, kò sì tíì mọ ẹni tí mo jẹ́. Mo ní èmi ni ìyá ìyàwó.

Bàbá sọ abẹ̀bẹ̀ kalẹ̀.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ wúkọ́ yẹn?”

“Èmi ni, bàbá. Ìrun ni mo wà.”

“Níbo lẹ dé nígbà tí mo kí ẹ̀kẹta?”

“Mo forí kanlẹ̀ ní rákà kejì.”

Ó ní mo ṣeun tí n kò já ìrun nítorí àwọn. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ó ń sunkún, ẹ̀rín ni. Ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní ṣé òun ò sọ fún wọn nínú ọkọ̀ pé ìkọ́ yẹn, ìkọ́ ẹni tínú ń bí ni. Mo ní òótọ́ ni wọ́n wí, inú ń bí mi, àmọ́ ara mi ni inú ń bí mi sí. Ó ní òun náà kò bínú, ọkàn òun ló bàjẹ́, nítorí àwọn ti ń pe ọmọ náà ní ìyàwó nínú ilé yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀ ni omi bọ́ lójú èmi.

Ó wá béèrè ọ̀rọ̀ pupa yẹn. Ó ní ti kóòtù nìkan ni ọmọkùnrin tó kà á ṣàlàyé fún òun, kí ni ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ gan-an? Bẹ́ẹ̀ ni èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì ṣe tún kọ́ kíláàsì lórí ìkúnlẹ̀ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Mo sọ ti ilẹ̀ onílẹ̀, mo sọ ti ẹ̀ṣẹ̀, mo sọ ti ẹni tó ń jẹ inú rere èèyàn kọjá ààlà. Wọ́n gbọ́ mi dáadáa ju àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ, wọ́n kàn ń jẹ iṣu wọn lọ ni.

“Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta,” bàbá ní, “èwo lẹ wá ṣe lágbàlá mi yìí?”

“Kò sí èyí tí n kò ṣe, bàbá.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti dúró sẹ́bàá ògiri láti ìgbà yẹn bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, wá súnmọ́ wa, ó sì kí wọn. Àmọ́ òun ló rí ohun tó ṣì kù. Ó ní a ti tún ọ̀rọ̀ ṣe, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì tọrọ ọmọ. A kò lè jókòó sílé ọkọ kí wọ́n tọrọ ìyàwó níbẹ̀, a ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí wọ́n háyà ti padà sí gáréèjì, oòrùn sì ti ń lọ. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn ní kí a mú ọjọ́ mìíràn. Mo ti mọ bí ọjọ́ mìíràn ṣe ń rí.

Bàbá gbé ẹsẹ̀ kúrò nínú omi. Ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dìde, ó ní kí ìyàwó òun bá òun mú aṣọ ńlá wá. Ó wá tọ́ka sí pálọ̀ rẹ̀.

“Ìyá ìyàwó, ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ wọbẹ̀ lọ. Mo yá yín ní ilé yìí títí di ìrun Màgáríbì.”

Kó tó yé wa, ó ti ń lé gbogbo ẹbí rẹ̀ jáde síta, àwọn tó jẹun àti àwọn tí kò tíì jẹ tán. Wọ́n tún dé fìlà, wọ́n tún gbé apẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n to ara wọn lẹ́bàá ọ̀nà níwájú ilé ara wọn. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ dúró, wọ́n ń béèrè ẹni tó lé wọn jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbádùn ọ̀rọ̀ náà báyìí. Ó jókòó sórí àga onílé, ó fa ojú ro, ó sì sọ fún mi pé kí n fi ìdáhùn sílẹ̀ fún òun, torí pé ọkùnrin ló ń gba àlejò. Mo ní mo gbọ́.

Mo jókòó sórí ẹní ní pálọ̀ tí kì í ṣe tèmi, mo ń wo ojú ọ̀nà. Mo ń tún ìbòrí mi ṣe bí ẹni pé èmi gan-an ni wọ́n wá tọrọ. Bàbá dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó dúró, ó ní “Àsàlámù àlékùn.” Ó kí wa lẹ́ẹ̀kan, èmi dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń la ẹnu.

Síbẹ̀ wọn ò wọlé. Bàbá ní ṣé kí àwọn wọlé. Mo dìde, mo lọ di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, mo fà á wọlé, àwọn ìyókù sì tẹ̀ lé e. Bàbá bojú wo àga, ó béèrè bóyá òun lè jókòó.

“Ẹ jókòó,” mo ní, “ilé yín ni.”

Ó pẹ́ kí ẹ̀rín tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n tọrọ ọmọ mi bó ṣe yẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní àfi kí wọ́n bi ọmọ fúnra rẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ láago. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ó béèrè bóyá mo dé ibẹ̀, bóyá wọ́n gbà mí wọlé. Ìyàwó bàbá gba fóònù lọ́wọ́ mi, kò béèrè, ó kàn gbà á ni.

“Ìyàwó mi,” ó ní, “ìyá ẹ wà lọ́dọ̀ wa. A ò ní jẹ́ kó lọ láìjẹun.”

Mo ti máa ń rò ó pé ọjọ́ tí obìnrin mìíràn bá fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọmọ mi bẹ́ẹ̀, ó máa dùn mí, torí kò sí ẹlòmíì tí mo ní. Kò dùn mí rárá. Mo gbọ́ tí ọmọ mi ní òun gbà, tó ń rẹ́rìn-ín nínú fóònù náà, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ láti ọdún mẹ́rin, mo sì sunkún ayọ̀ níwájú gbogbo wọn láìtijú.